Bí Malik Bá Sinmi Lẹ́nu Ọmú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Mo dé Tchaourou láàárọ̀ yìí. Ọyẹ́ ṣì le. Ètè mi ti ya kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zémi. Yàrá tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ilé ìwòsàn ní tábìlì kan, fèrèsé kan tí kò ṣe é tì, àti iná tó ń ṣẹ́jú. Ó tó mi. Mo kó ìwé mẹ́fà wá nínú àpò, bí ẹni pé mo máa ráyè kà wọ́n.

Ènìyàn mẹ́fà ni mo fẹ́ kọ́ títí oṣù kẹrin yóò fi wọlé. Iṣẹ́ náà rọrùn lẹ́nu: kí wọ́n lè jókòó ti ìyá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú tàbí lẹ́kọ, kí wọ́n sì mọ ohun tó ń lọ láàárín àwọn méjèèjì. Ta ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló dúró de ẹnì kejì? Nígbà tí ọmọ yí orí, ṣé ìyá rí i? Fíṣì tí wọ́n fún mi ní Cotonou jẹ́ ojú ìwé méjì, ìbéèrè ogún. Òdo, ọ̀kan tàbí méjì ni ìdáhùn. Ọmọ tí kò bá sanra tó, tí àmì òun àti ìyá rẹ̀ sì kéré, ni a ó máa bẹ̀ wò lákànṣe.

Mo ti mọ orúkọ mẹ́ta. Rafiatou, agbẹ̀bí ní Goro, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Akíndélé, nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sílẹ̀, títí kan "ẹ kú ìjókòó". Àti Tonton Imorou, rẹlé, ẹni tí ilé ìwòsàn máa ń rán sí agbolé. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun nìkan ni kò mú bíírò wá. Òun ló sì béèrè lọ́wọ́ èmi tí wọ́n ń pè ní Tata, bí ẹni pe àǹtí, pé:

"Tata, ta ló kọ́ adìyẹ bó ṣe ń sàba?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. 

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Fídíò lónìí. Ìyá kan ń fún ọmọ oṣù méje lẹ́kọ. Ọmọ yí orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá ń fi ṣíbí lé e kiri. Mo ní kí wọ́n fún wọn ní àmì. Márùn-ún nínú mẹ́fà fún ìyá náà ní méjì níbi gbogbo.

"Kí ló dé?"

"Ọmọ jẹ ẹ́ tán, Tata," Akíndélé ní. "Abọ́ mọ́ tónítóní."

Abọ́ ni wọ́n ń wò. Mo tún fi fídíò náà hàn wọ́n, mo pa ohùn rẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí abọ́ wà. Rafiatou ló kígbe: "Hẹ́n-ẹ̀n! Ọwọ́ rẹ̀! Ẹ wo bó ṣe la ọwọ́!" Lóòótọ́, ọmọ náà máa ń la ọwọ́ kó tó yí orí. Ó ti sọ pé ó tó kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Nítorí ọwọ́ kékeré yẹn, mo jẹun dáadáa lálẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

Mo fún wọn ní òfin tó wà nínú ìwé: ẹ wọlé, ẹ kí wọn ní ṣókí, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ di ògiri. Mo ṣàlàyé pé ohùn àlejò máa ń yí ìṣe ìyá padà, mo sì gbà á gbọ́. Akíndélé kọ "ògiri" sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Tonton Imorou ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

Kajú ti ń jábọ́. Gbogbo ọ̀nà Bétérou ń rùn bí ọtí. Wọ́n ní kílò kan ti tó irinwó fáráǹkì. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn, ilé ìwòsàn sì ṣófo. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn lásìkò kajú.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ti òní.

A lọ sí Goro. Agbolé Yessoufou ni mo yàn fún Akíndélé, nítorí ọmọ ibẹ̀, Malik, ti pé oṣù márùn-ún, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní kílò 5,4 láti oṣù tó kọjá. Àkọ́bí ni. Kaoussara ni ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pé ogún ọdún. Yessoufou, ọkọ rẹ̀, wà ní Nàìjíríà, ó ń la pákó nínú igbó. Ìyá Yessoufou ló ń ṣe olórí ilé.

Akíndélé wọlé. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé fíṣì lé orúnkún, ó dákẹ́. Èmi àti Tonton Imorou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kaoussara gbé ọmọ sọ́mú. Ìyá Yessoufou wo Akíndélé, ó wo ìwé tó wà lórí orúnkún rẹ̀. Ó wo èmi náà. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣẹ́jú kan, mẹ́ta, márùn-ún. Ó gbé igbá kajú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́," ó ní, jẹ́jẹ́.

Akíndélé kò fèsì.

"Mo ní kí ẹ sọ ọ́! Ọjọ́ kẹwàá rèé tí fóònù ọmọ mi kò wọlé. Yessoufou ti kú, àbí?"

Kò dúró gbọ́ nǹkan kan. Ó tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó figbe ta. Àwọn aládùúgbò ya wọlé. Kaoussara fò dìde, ọmú bọ́ lẹ́nu Malik, ìyá ń ké, ọmọ ń ké. Akíndélé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá na ìka mẹ́ta sí mi: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òfin mi ló ń pa mọ́.

Tonton Imorou ló bọ́ sáàárín agbolé. "Kò sẹ́ni tó kú o! Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmú lásán ló gbé wa wá!"

Ó pẹ́ kí igbe tó rọ̀. Ìyá Yessoufou gbọn eruku ara rẹ̀, ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ sọ mí di ìyá òkú lójú ayé nítorí ìwé. Ọmọ ìwé tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn! Ẹ jáde. Ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ tún tẹ agbolé yìí. Ọmọ wa náà kò wá sí ìwọ̀n yín mọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kejì

Mo pe Tonton Imorou sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwòsàn.

"Nílé wa, Tata, ẹni tó wọlé láàárọ̀, tó kí ni lẹ́ẹ̀kan, tó wá jókòó tó dákẹ́, ó wá túfọ̀ òkú ni. Kò lè béèrè ọmọ, kò lè kí ẹ kú iṣẹ́. Ó mọ ohun tó wà lẹ́nu òun."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé. Mo rò pé ẹ ti rí i níbẹ̀."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi wọlé bẹ́ẹ̀, tó jókòó bẹ́ẹ̀, tí ìyá àgbà sì ti ń sunkún kó tó lanu. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà. Báwo ni ojú ìwé méjì ṣe bo ohun tí mo fojú ara mi rí?

Mo ti jókòó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ìyá mọ́kànlélógójì ní àwọn ìlú míì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo fún ní òdo níbi tí fíṣì ti béèrè bóyá ara ìyá balẹ̀.

Rafiatou kò rẹ́rìn-ín lónìí. Ó ní ọmọ kan bíi Malik wà ní Sanson lọ́dún tó kọjá, tí ilé wọn kọ̀ láti gbé e wá. Kò rí òjò àkọ́rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kejì

Yessoufou ti pe ìyá rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ló já sódò. Alhamdulilai. Ilé náà ṣì tì sí wa.

Mo pe ọ̀gá mi ní Cotonou, mo ní òfin ìdákẹ́jẹ́ kò bá ibí mu. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní kí n má yí nǹkan kan padà, kí àmì Tchaourou lè ṣe é fi wé ti ibòmíràn. Mo ní, "D'accord," pé mo gbà. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kejì

Ọjọ́ ìwọ̀n ní Goro. Kaoussara kò wá.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Tonton Imorou ló mú ọgbọ́n àbáyọ wá, bí ẹni mú àgbàdo sísun wá fún ọmọdé. "Ẹni tó wá túfọ̀ kì í báni ṣiṣẹ́."

Lásìkò yìí, àlejò tó bá wọ agbolé máa ń jókòó ti òkìtì kajú ni, a sì máa bá wọn yí kóró kúrò lára èso bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Nítorí náà: a ó kí wọn tán pátápátá. A ó jókòó ti òkìtì. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á máa dá wọn lóhùn, ojú á máa wo ọmọ. Kò sí ìwé lórí orúnkún. Nígbà tí a bá jáde ni a ó kọ ọ́ lábẹ́ igi.

"Tí mo bá gbàgbé ńkọ́, Tata?" Akíndélé béèrè. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Goro. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

A ra apẹ̀rẹ̀ kajú méjì, a gbé fídíò síwájú, a sì bẹ̀rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ gbáà ni. Rafiatou yí ogójì kóró, kò rántí ọmọ. Akíndélé rántí ọmọ, kò yí kóró kan. Tonton Imorou yí tirẹ̀ tán, ó rántí ìgbà tí ọmọ sín. Nígbà tó di ọ̀sán, mẹ́rin nínú wọn rí ohun kan náà. Omi kajú ti ba aṣọ mi jẹ́. Àbààwọ́n rẹ̀ kì í lọ.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kejì

Ṣúgà ti wọ́n, gbogbo èèyàn ló ń rà á sílẹ̀ de ààwẹ̀. Mo ra páálí mẹ́rin. Tonton Imorou ló ṣáájú lọ sí agbolé Yessoufou, èmi tẹ̀ lé e, Akíndélé gbẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí ilé ẹjọ́.

Mo kúnlẹ̀. Akíndélé dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ìyá Yessoufou ń yí kajú rẹ̀, kò wò wá.

"Wọ́n ti dá ahọ́n yín padà ní Cotonou?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," mo ní. "Èmi ni mo ní kó dákẹ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

"Mo mọ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni ẹ́, o sì ṣe bí òyìnbó." Ó yíjú sí Akíndélé. "Ìwọ, ògiri. Kí mi."

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ kú..." Ó dúró. Ó gbé orí sókè kúrò nínú eruku. "Ẹ kú ojú lọ́nà, Ìyá."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí kajú. Oṣù kẹwàá rèé tí Yessoufou ti lọ. Ó ní, "Dìde. O máa ba ṣòkòtò rẹ jẹ́."

Ó gbà kí Rafiatou wá wọn ọmọ lọ́la. 

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Kílò 5,3. Ó ti ń padà sẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru mú débi pé bébà ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Èmi, Rafiatou àti Akíndélé wà ní agbolé Yessoufou láti aago mẹ́jọ. A jókòó ti òkìtì kajú, Ìyá Yessoufou láàárín wa. Kaoussara kò gba ààwẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ dán an wò. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ń fi Akíndélé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra ju ti arúgbó lọ.

Malik ké, Kaoussara gbé e. Ó mu ọmú, ó sinmi, ó mu, ó sinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìyá rẹ̀ já ọmú lẹ́nu rẹ̀, ó fi omi díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó pọ̀n ọ́n, ó sì padà sídìí òkìtì. Ọmọ náà fi orí gbá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sùn.

Lábẹ́ igi, a kọ̀wé láìsọ̀rọ̀. Èmi àti Rafiatou kọ ohun kan náà: ìyá kò wo ojú ọmọ, òdo. Ìyá kò dúró de ọmọ, òdo. Akíndélé kò kọ òdo kankan. Ó ń yí bíírò lọ́wọ́.

"Tata, ìgbà mẹ́ta ni ọmọ sinmi. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kaoussara wo ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀ o, ọwọ́ ni. Ní ìgbà kẹta, Ìyá kó kóró tó kún igbá dà sínú àpò. Ìgbà yẹn ló já ọmọ."

"Ojú ń tì í," Rafiatou ní. "Ìyàwó ilé kò lè jókòó pẹ́ kí ìyá ọkọ máa ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́bí mi."

Mo wo fíṣì náà lójú ìwé méjèèjì. Ìbéèrè ogún lórí ìyá àti ọmọ. Kò sí àyè kankan fún ẹnì kẹta, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká ní Akíndélé jókòó sọ́ọ̀ọ́kán bí ògiri, kò ní rí ọwọ́ yẹn láéláé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Rírí kì í ṣe wíwòsàn. Tí mo bá sọ fún Kaoussara pé kó jókòó pẹ́, mo ti gbé e kọjú ìjà sí ìyá ọkọ rẹ̀. Tí mo bá sọ fún Ìyá Yessoufou pé òun ló ń dí ọmọ lọ́wọ́, mo ti fi ẹ̀sùn ebi kan ìyá àgbà tó fẹ́ràn ọmọ náà. Mo ṣí ìwé méjì nínú mẹ́fà mi. Àwọn tó kọ wọ́n kò ní ìyá ọkọ, bó ti rí nìyẹn.

Rafiatou ní ká sọ Ìyá di ọ̀kan nínú wa. Mo ní báwo? Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bá wa wò ó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

A ṣe é.

Nígbà tí Kaoussara gbé ọmọ sọ́mú, Rafiatou súnmọ́ ìyá àgbà bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ mẹ́fà dàgbà. Ẹ bá wa wo nǹkan kan, ó ń rú wa lójú. Tí Malik bá dúró báyìí, ṣé ó yó ni?"

Ìyá Yessoufou na ọrùn. Malik ti dúró, ojú rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di mú aṣọ ìyá rẹ̀.

"Yó kẹ̀? Ó ń mí ni. Wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á mu, á ronú, á tún mu. Yessoufou kò kánjú rí."

Ọwọ́ Kaoussara ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọmọ, ó ti fẹ́ já a.

"Kí lò ń ṣe?" ìyá ọkọ rẹ̀ ní. "Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

Kaoussara dorí kodò. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn rẹ̀. "Iṣẹ́ ló wà nílẹ̀, Màmá."

Ìyá Yessoufou wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo òkìtì kajú, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún iṣẹ́. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára, díẹ̀díẹ̀.

"Kajú kì í sunkún," ó ní. "Jókòó."

Ó fa àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó ti Kaoussara, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí òjìji rẹ̀ lè bo ọmọ. Kò mú igbá dání. Malik sinmi lẹ́ẹ̀méje. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ní ìgbà karùn-ún, Kaoussara wo ojú ọmọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó sì rẹ́rìn-ín, ó wá fi ìborùn bo ẹnu kíákíá bí ẹni tó jalè.

Rafiatou sọ ọ̀rọ̀ omi náà lọ́nà jẹ́jẹ́: ọmú ni omi ọmọ, títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ìyá Yessoufou jiyàn díẹ̀, nítorí ooru. Ó ní òun á rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Kílò 5,6! Akíndélé wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ìyá Yessoufou ní, "Ògiri, ìwọ̀n rẹ ló bàjẹ́ ni àbí ọmọ mi ló sanra?"

Mo fẹ́ yọ̀, mo sì ń yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ibà kan lè jẹ ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Mo fi àmì àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí Cotonou. Mo kọ lẹ́tà mọ́ ọn: pé mo yí òfin padà, bí mo ṣe yí i, àti ìdí rẹ̀. Mo kọ nípa ẹnì kẹta tí fíṣì kò béèrè. Mo sì ní kí wọ́n tún wo àmì ìyá mọ́kànlélógójì tí èmi fúnra mi jókòó dákẹ́ tì láìkí wọn tán. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n bẹ̀rù ju báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n gbé ẹran wá fún mi láti ilé mẹ́rin. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó gba fèrèsé tí kò ṣe é tì wọlé, ó bá ìwé mi jà. Kò sí èsì láti Cotonou.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

Ọjọ́ ìwọ̀n ní Goro, ọjọ́ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn níbí. Èrò pọ̀, kajú ti ń tán, àwọn obìnrin ti ráyè. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín wọn, mi ò mú fíṣì dání.

Kaoussara dá wá, lórí zémi, ó lé tìróò. Ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sóko. Wọ́n fún un ní nọ́mbà mẹ́rìnlá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, Malik ké, ó sì fún un lọ́mú níbẹ̀, níṣojú gbogbo èrò.

"Mẹ́rìnlá!" Akíndélé pè láti ẹnu ọ̀nà.

Malik ti sinmi. Ẹnu rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ là.

"Ìyàwó, ìwọ ni wọ́n ń pè," obìnrin kan ní, ó fi ìgúnpá tì í. "Dìde, jàre, oòrùn ń mú."

Kaoussara kò gbé orí sókè. Ó ń wo ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Kò tíì tán."

"Hà! Ẹ wo ìyàwó àná! Òun ló ń dá dókítà dúró!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn pòṣé. Ojú ti Kaoussara, mo rí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò mì. Akíndélé ti lanu láti tún un pè. Ó wo bẹ́ńṣì, ó wo ọwọ́ Malik tó ṣì di aṣọ mú. Ó pa ẹnu dé.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó pè.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọlé. Mẹ́rìndínlógún wọlé. Mẹ́tàdínlógún ń jáde nígbà tí Malik fi ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ là, tó sì sùn. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ dìde, tó tún ìró rẹ̀ ró, láìkánjú, tó gbé e wọlé.

Kílò 6,1.